Epo ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa: ẹ̀yin ọlọ́kadà àti awakọ̀ Abẹ́òkúta, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i?

Ọlọ́kadà Ọbántòkò (Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí ọ̀kadà láti ìdájí, ẹ̀yin tí ẹ di sítíárìn mú títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ kú ìfaradà.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gun ọ̀kadà nílùú yìí. Ọbántòkò ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbéra. Mo ń ná Kéèǹpù, Aṣeró àti Kútọ̀. Bí èrò bá bẹ̀ mí, mo ń já dé Sápọ́n. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu sọ níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, mi ò ka epo sí ìnáwó gidi. Láàárọ̀ màá ní kí wọ́n rọ ọ́ kún táńkì, ó di alẹ́ kí n tó rántí rẹ̀. Lítà kan kò tó ₦200 nígbà yẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti di nǹkan bíi ₦500. Ní oṣù Keje ó ti kọjá ₦600. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ₦1,000 ò ra lítà kan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Láti ìgbà náà ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ṣùgbọ́n kò padà síbi tí a mọ̀ ọ́n sí.

Lánàá, ìyá kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn na ọwọ́ dá mi dúró. Aṣeró ló ń lọ. Mo pe owó fún un. Kò bú mi, kò sì nájà. Ó tún ọ̀já rẹ̀ so, ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi, a óò máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀." Oòrùn ọ̀sán ń ta gan-an. Mo wò ó títí ó fi kọjá ìsọ̀ alágbo tó wà níwájú. Bí mo bá gba iye tí apá rẹ̀ ká, epo tí mo máa jó débẹ̀, tí mo tún máa jó padà lófo, ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò sì gbà á, òun ń rìn nínú oòrùn, èmi náà jókòó láìríṣẹ́ ṣe fún bí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: kí lẹ ti yí padà nínú bí ẹ ṣe ń gùn ún tàbí bí ẹ ṣe ń wà á, tí epo yín fi ń pẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ti dán wò ni kí ẹ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ bá mi wá òmíràn kí ẹ tó sọ ọ́, nítorí ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun nídìí ọ̀kadà yìí.

Dẹ́rẹ́bà Kútọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa tí a ń ná Ìbàdàn náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Ìrìn bí 80 kìlómítà ni, ẹ wáá wo àlọ àti àbọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo yí padà. Àkọ́kọ́, eré. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti kúrò láàárín ìlú, 110, 120 ni mo máa ń sá, mo máa ń rò pé bí mo bá tètè dé, màá tún rí èrò gbé. Ní báyìí 80 ni, mi ò kọjá 90. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo pàdánù, ṣùgbọ́n epo tó kù sí táńkì lálẹ́ ti yàtọ̀ tí ojú rí i. Afẹ́fẹ́ ló ń dí ọkọ̀ lọ́nà. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń fi agbára dí i sí i, epo la sì fi ń bá a jà.

Èkejì, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì ní gáréèjì. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe: a óò tan ọkọ̀ sílẹ̀ kí èrò lè rò pé a ti fẹ́ gbéra. Ọkọ̀ tó dúró lójú kan tí iná wà lára rẹ̀ lè jó tó ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan, pàápàá bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́. Èrò ti mọ̀ báyìí pé a kì í tan án títí ọkọ̀ á fi kún.

Ẹ̀kẹta, mi ò kì í gbéra mọ́ bí ọkọ̀ kò bá kún. Èyí ń bí èrò nínú, mo mọ̀. Àmọ́ mi ò lè fi owó lé owó fún wọn, nítorí láti ọdún 2021 tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tí owó ọkọ̀ bá wọ̀ lọ́rùn máa gba Láderín lọ, á wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká. Ó tọ́ kí wọ́n lọ. Ọkọ̀ tó kún, tó sì ń rọra lọ, ló kù fún àwa.

Oníkẹ̀kẹ́ Pánṣẹ́kẹ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 10 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, Abẹ́òkúta yìí kò ju òkè àti dágẹ̀rẹ́ lọ. Èmi, bí mo bá ti gun òkè dé orí, màá pa iná, màá yọ jíà, kẹ̀kẹ́ á máa yí lọ fúnra rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Òfé ni ìyẹn. Ẹ dán an wò.

Bàbá Onítasín Sápọ́n (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀)

Oníkẹ̀kẹ́, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Má sì kọ́ ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2012 ni epo fò láti ₦65 sí ₦141. A dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọjà tì, àwọn èèyàn jáde káàkiri Nàìjíríà, kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦97. Oṣù yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mi kan kọ́ mi ní ohun tí ò ń wí yìí. Mo ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ tó burú, mo ń bọ̀ lórí dágẹ̀rẹ́ kan nítòsí Aké, èrò mẹ́rin wà nínú ọkọ̀. Ewúrẹ́ já lu títì. Mo tẹ bíréèkì, ó le bí òkúta. Mo tún un tẹ̀, kò lọ. Mo yí sítíárìn, ó gan. Ògiri gọ́tà ló dá wa dúró. Ọlọ́run yọ àwọn èrò, ọ̀kan ló ṣe lápá, ó sì san. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ mi wó, owó tí mo fi tún un ṣe kò ní òǹkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo tí mo ṣẹ́ kù.

Ẹ́ńjìnnì ló ń ran bíréèkì ọkọ̀ lọ́wọ́, òun náà ló ń jẹ́ kí sítíárìn fúyẹ́. Bí o bá pa á, o ti gba agbára méjèèjì kúrò. Ní ti kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà, jíà ló ń bá ọ dì í mú lórí dágẹ̀rẹ́. Bí o bá yọ ọ́, bíréèkì nìkan ni gbogbo ẹrù náà wà lórí rẹ̀, ó máa gbóná, kò sì ní mú dáadáa mọ́.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1 ọ̀sán)

Bàbá ti sọ òótọ́. Màá fi èyí kún un fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ tuntun díẹ̀, àwọn tí kò ní kabúrétọ̀ mọ́: bí ẹ bá wà lórí dágẹ̀rẹ́, ẹ fi jíà sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí èèsì, ohun tí a ń tẹ̀ fún eré. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ dá epo dúró. Bí ẹ bá yọ jíà, ẹ́ńjìnnì á tún máa bu epo mu kó má baà kú. Ẹni tó yọ jíà ló ń jó epo jù.

Ọlọ́kadà Ọbántòkò, àbúrò mi, ìgbà wo lo tú pulọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, wò kẹ́yìn? Bí ọlọ́kadà bá gbé ẹjọ́ epo wá bá mi, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Pulọ́ọ̀gì kì í purọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tí èédú rẹ̀ ń yí mọ́ ọ lọ́wọ́, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń gba ẹ̀yìn jáde láìjó tán. Bí ó bá funfun bí ẹfun, epo ti kéré jù, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ó lè bàjẹ́. Èyí tó dára, àwọ̀ rẹ̀ dà bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n yan.

Ohun tó sábà máa ń sọ ọ́ dúdú ni àsẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti dí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú ti ọ̀kadà kan tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà tí wọn ò dà ní ọ̀dà. Erùpẹ̀ pupa tí mo gbọ̀n jáde kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀kadà ọ̀hún ń mí bí ẹni tí wọ́n di nímú! Bí àsẹ́ tìrẹ bá jẹ́ fóòmù, fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, fún un gbẹ (má lọ́ ọ, ó máa ya), sá a sí ibòji, kí o tó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára. Bí ó bá jẹ́ onípépà, má fi omi kàn án. Gbọ̀n ọ́n, bí kò bá mọ́, ra òmíràn. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ọ̀kadà sórí ìdúró rẹ̀ méjèèjì kí táyà ẹ̀yìn gbé nílẹ̀, fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kó yí dáadáa kó tó dúró. Bí ó bá yí ìdajì tó sì dúró gbọ̀ọ́, bíréèkì ló ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń gun ọ̀kadà kiri ìlú bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò mọ̀. Ṣéènì tó gbẹ náà ń jẹ epo, ọ́ìlì kò wọ́n tó epo.

Táyà: ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á kí ẹ ní ó ti le. Ẹ lọ bá fọkanáísà láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, kó wọ̀n ọ́n. Iye tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀kadà, nítòsí ṣéènì. Ti mọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà.

Ní ti àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà nínú gáréèjì pé ó ń sọ lítà kan di méjì, mi ò tíì rí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó yẹn ra pulọ́ọ̀gì tuntun.

Oníkẹ̀kẹ́ Pánṣẹ́kẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2 ọ̀sán)

Bàbá, mo gbọ́. Mo dúpẹ́. Mi ò ní pa á mọ́.

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtòkú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn náà sọ̀rọ̀.

Ọbántòkò ni èmi náà ń gbé, Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló máa ń gbé èmi àti ẹrù mi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìsọ̀. Ní báyìí mo ń gbé ẹrù lórí dé ojú títì, mo ń wọ tasín tí a ó jọ kún inú rẹ̀, màá sọ̀ ní Sápọ́n, màá sì fẹsẹ̀ gbá ìyókù. Bí òjò bá ká mi mọ́ ọ̀nà, aṣọ tó yẹ kí n tà lọ́jọ́ náà á di sísá. Owó ọkọ̀ náà ló wọ inú owó àdìrẹ. Aró àti sódà tí a fi ń pa á láró, mọ́tò ló ń kó o wá. Oníbàárà á ní mo ti gbé owó lé e, kò mọ̀ pé epo ló ń san.

Nígbà tí mo ka ohun tí ọlọ́kadà yìí kọ, ọ̀rọ̀ kan ló dúró sí mi lọ́kàn: "tí mo tún máa jó padà lófo." Owó àbọ̀ òfo yẹn ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n mo rò pé a lè jọ yanjú rẹ̀. Àwa obìnrin mẹ́ta la wà ní àdúgbò kan náà tí a ń ná Ìtòkú lójoojúmọ́, àfi Sunday. Aago tí a ń jáde kò yí padà, aago tí a ń wálé kò yí padà. Bí ọlọ́kadà kan bá mọ̀ pé aago méje òun ní èrò kan, aago mẹ́jọ òun ní èkejì, tó sì mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ òun máa rí èrò gbé padà láti Ìtòkú, ṣé kò ní lè gba owó tí apá wa ká? A ó máa san án ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yìn ọjà Sátidé. Àmọ́ o, ẹni tó bá fi owó lé e nítorí pé òjò ṣú, mi ò ní pè é mọ́ láéláé.

Tíṣà Aṣeró (Ọjọ́rú, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Màmá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa olùkọ́ mẹ́rin ṣe nílé ẹ̀kọ́ wa: ọkọ̀ ẹnì kan là ń gbé ní ọ̀sẹ̀ kan, ti ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwa yòókù á dá owó epo. Ìkìlọ̀ kan ṣá: àwọn òbí ń bá ọlọ́kadà dá àdéhùn lórí ọmọ ilé ìwé, ó dára, ṣùgbọ́n mo ń rí ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin lórí ọ̀kadà kan láàárọ̀, ọ̀kan á jókòó lórí táńkì. Ẹ má fi ìyẹn wá epo. Ọ̀kadà tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀ ń jẹ epo sí i lórí òkè, bíréèkì rẹ̀ kì í sì í tètè mú.

Nǹkan mìíràn tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà ni òṣùwọ̀n. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń dùn mí pé a ń ṣírò epo tí kò dájú pé ó tó. Mo mú kẹ́ẹ̀gì òróró tó funfun tí a ń rí inú rẹ̀. Mo ra omi inú ọ̀rá mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, mẹ́wàá jẹ́ lítà márùn-ún. Mo já a sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìṣó gbígbóná fa ìlà síbi tí omi dé. Mo da omi náà fún àwọn ọmọ mu, mo dojú kẹ́ẹ̀gì délẹ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì títí kò fi sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀, nítorí omi inú epo ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Lẹ́yìn náà mo ra lítà márùn-ún ní ilé epo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní méjì, epo dé ojú ìlà. Ní ìkẹta, ó fi ìka méjì dín. Mi ò bá wọn jà, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n táńkì mi kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìlà tí mo fà yẹn ṣì wà lára kẹ́ẹ̀gì, aládùúgbò méjì ti yá a lọ fi wọ̀n tiwọn.

Ìyàwó Ọlọ́kadà Àdìgbẹ̀ (Ọjọ́rú, aago 7 alẹ́)

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi kẹ́ẹ̀gì epo sínú ilé. Bí ìròyìn bá ti jáde pé epo fẹ́ wọ́n, ọkọ mi á ra lítà mẹ́wàá, á gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn ọmọ ń tan àbẹ́là. Òórùn rẹ̀ nìkan ń fún mi lẹ́fọ̀ọ́rí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí.

Tíṣà Aṣeró (Ọjọ́rú, aago 7:20 alẹ́)

Ìyá wa, ẹ fi èyí hàn án. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, epo náà ni. Ó ti di afẹ́fẹ́, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá gbàlẹ̀ títí dé ibi tí iná wà. Kò di ìgbà tí iná bá kan kẹ́ẹ̀gì kó tó gbiná. Kó gbé e jáde lálẹ́ yìí. Inú táńkì ọ̀kadà ni ààyè epo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà (Ọjọ́bọ̀, aago 11 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kò sí ẹni tó ti yí sí CNG (gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú sílíńdà láti fi wakọ̀ dípò epo) tàbí ọ̀kadà oníná mànàmáná níbí? Àwa tí à ń wọkọ̀ láti Kéèǹpù lọ sí ọgbà FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ń retí kí owó ọkọ̀ wálẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Kútọ̀ (Ọjọ́bọ̀, aago 1 ọ̀sán)

Àbúrò, ìpínlẹ̀ Ògùn ti mú bọ́ọ̀sì CNG àti alùpùpù oníná jáde láti 2023. Èmi ò tíì yí tèmi. Ẹnì kan ní gáréèjì wa ti yí tirẹ̀. Ó ní owó tí òun ń ná lórí ìrìn kan ti dín dáadáa, ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé sílíńdà ti gba gbogbo búùtù, ẹrù èrò kò ríbi wọ̀, ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì kò sì tíì pọ̀, ó máa ń tò pẹ́.

Ẹ gbọ́ ìkan yìí dáadáa. Bí ẹ bá máa yí i, ibi tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí ẹ gbé e lọ. Ìfúnpá inú sílíńdà CNG ń lọ sí 200 bar. Ti gáàsì ìdáná kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Benin, ní ìpínlẹ̀ Edo, níbi tó ti ń rọ gáàsì, àwọn tó ń bójú tó ètò CNG ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé sílíńdà tí wọ́n fi ọwọ́ jó pọ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún CNG. Ẹni tó bá ní òun máa bá ẹ so sílíńdà ìdáná mọ́ ọkọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún un.

Ọlọ́kadà Ọbántòkò (Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti padà dé. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ kí n tó dán an wò.

Mo kọ́kọ́ gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá. Pulọ́ọ̀gì dúdú bí wọ́n ṣe sọ, bíréèkì ẹ̀yìn ń fà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì bá mi so wáyà tó ń ka kìlómítà, tó ti já láti bí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà mo ra ìwé ọmọ iléèwé kan. Mo fa ìlà sí àárín rẹ̀: apá kan fún ìrìn tí èrò wà lẹ́yìn mi, apá kejì fún ìrìn òfo. Gbogbo ìgbà tí èrò bá sọ̀, màá kọ iye tí kìlómítà kà.

Ohun tí mo rí ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ já mi láyà. Nínú kìlómítà mẹ́wàá tí mo bá rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Mo ń yí kiri wá èrò, mo ń lọ láti kọ́nà dé kọ́nà, mo ń fọn fèrè sí ẹni tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ aápọn ni mo kà á sí. Epo ni mo ń dà sílẹ̀.

Mo pe Màmá aláàdìrẹ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti ń gbé wọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjèèjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sán mi ò yí kiri mọ́. Mo ń dúró sí ibùdó, mo ń pa iná, mo ń dúró de ìlà mi. Bí mo bá gbé èrò dé Kútọ̀, mi ò ní padà lófo bí mi ò bá tíì wọ inú ọjà lọ béèrè ẹni tó ní ẹrù tó ń lọ sí apá Ọbántòkò. Lítà márùn-ún ni mo máa ń jó lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí ọjọ́ tó kọjá mẹ́rin, ọjọ́ méjì tilẹ̀ wà tó jẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Owó tó ń wọlé kò dín. Ìṣòro tó kù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ibùdó: àwọn kan ṣì ń já ìlà, wọ́n ń sáré lọ pàdé èrò lójú ọ̀nà.

Bàbá Onítasín Sápọ́n (Ọjọ́ Àìkú, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi, o káre! Ní ti ìlà yẹn, pè wọ́n jókòó. Ẹ̀gbá ni wá, àáró ni Lísàbí fi kó àwọn baba wa jọ: wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, ó di ọ̀la wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ti mọ ara wọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tó lè kọjú sí agbára Ọ̀yọ́. Ní Sápọ́n níbí, àwa onítasín mẹ́jọ jọ ń dá owó ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní gálọ́ọ̀nù ńlá, a ń pín in, ó dínwó ju kí olúkúlùkù máa ra ti inú ike lọ. A jọ ra pọ́ńpù afẹ́fẹ́ onítẹsẹ̀ kan. Ẹni tó bá já ìlà, kò ní fi ọwọ́ kan pọ́ńpù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń já a mọ́.

Ọlọ́kadà Ọbántòkò (Ọjọ́ Àìkú, aago 6 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, mo gbọ́ tiyín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé ibùdó wa, màá ka ohun tí ẹ kọ yìí sí wọn létí, pọ́ńpù ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀.

Màmá, mo máa wà lẹ́nu ọ̀nà yín lọ́la ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, àpò aṣọ ti Sátidé wúwo púpọ̀, jíà kìíní ni mo fi gun òkè títí dé orí, iwájú ọ̀kadà sì ń fẹ́ gbé nílẹ̀.

Ìyá Aláàdìrẹ Ìtòkú (Ọjọ́ Àìkú, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Màá pín in sí méjì, ìdajì á tẹ̀ lé ẹnì kejì mi ní aago mẹ́jọ.